Ọdún Tí Wọ́n Fi Mí Sí Purobéṣọ̀n

Oṣù Kẹrin ọdún 1993 ni wọ́n lẹ èsì ìdánwò ọdún kìíní wa mọ́ pátákó. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Bébà kọ̀ǹpútà gígùn ni, irú èyí tí ihò wẹẹrẹ máa ń wà létí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fi àsẹ́ onírin bo iwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fà á ya. Orúkọ ò sí lórí rẹ̀, nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ nọ́ḿbà ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì?

Mo ti ìka bọ ojú àsẹ́ náà, mo ń fi tọ ìlà kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ títí mo fi kan nọ́ḿbà mi. Mo wá fi ojú bá ìlà náà lọ sí apá ọ̀tún. F. E. F. C. D. F. Ti sáà kejì tẹ̀ lé e. Ní ìparí ìlà náà ni mo rí 0.90, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rí rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Probation. Ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn mi ní, “Ṣé o ti rí tìẹ?” Mo ní, “Mi ò tíì rí i.” Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì pa púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé àwọn ahunṣọ. Aṣọ òkè ni bàbá mi ń hun, òun náà ni bàbá wọn hun. Èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ yunifásítì nínú agbo ilé wa. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbaniwọlé JAMB dé, ìyá mi jó láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1992, àwọn ará ilé dá owó jọ fún mi, àwọn àgbà sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ìyà Físíìsì tó jẹ mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kò sí nínú ohun tí ẹnikẹ́ni bi mí léèrè. Odindi ọdún kan la lò láìní olùkọ́ Físíìsì. Ìwé nìkan la fi kọ́ ara wa, mo sì yege nítorí pé mo lè kó ìwé sórí. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yunifásítì yóò rí.

Kò rí bẹ́ẹ̀. A pọ̀ débi pé ẹni tó bá pẹ́ dé kíláàsì MTH 101 yóò dúró lójú fèrèsé, kò sì ní gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Mi ò rí yàrá gbà nínú ọgbà. Ńṣe ni mo ń bá àwọn ẹlòmíràn gbé, àwa mẹ́rin nínú yàrá ẹni méjì, orí ilẹ̀ ni mo ń sùn. Bí NEPA bá mú iná lọ, àbẹ́là la fi ń kàwé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kọ́ ló gbé mi ṣubú. Ohun tó gbé mi ṣubú ni pé mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní Ìṣẹ́yìn, èmi ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bi ní ìbéèrè. Ojú ń tì mí láti di ẹni tí ń béèrè. Àwọn àgbà sì ti wí i tipẹ́ pé abéèrè kì í ṣìnà.

Lẹ́tà tẹ̀ lé èsì náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ojú ìwé kan péré ni, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Ó sọ pé nítorí àpapọ̀ èsì mi tí kò tó 1.00, wọ́n fi mí sábẹ́ purobéṣọ̀n fún odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ó ní bí mi ò bá ṣe dáadáa sí i, wọn yóò ní kí n fi yunifásítì sílẹ̀. Kò sọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe dáadáa sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí mo lè lọ bá. Mo ká a sí mẹ́rin, mo tì í sáàárín ìwé atúmọ̀ èdè mi.

Àwa méjì ni wọ́n fún ní lẹ́tà náà nínú yàrá wa. Ẹnìkejì mi jẹ́ ọmọ kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ọmọ opó. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́, òun nìkan ló sì ń tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ó ka lẹ́tà tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó kì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Gbogbo ẹ̀ á yanjú.” Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ọ́fíìsì olùkọ́ obìnrin tó ń bójú tó ìpele wa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo padà, mo tún wá. Ìgbà tí mo tún fẹ́ padà ni wọ́n gbóhùn sókè láti inú: “Ta nìyẹn? Wọlé.” Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ káàsán mà.” Fáìlì kún orí tábìlì wọn dé àgbọ̀n. Wọ́n wo lẹ́tà náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí: “Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ṣírò nǹkan yìí?”

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fa bébà kan yọ, wọ́n mú pẹ́ńsù. Wọ́n ní, “Jókòó, ọmọ mi.” Wọ́n ṣàlàyé pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye yúnìtì tirẹ̀. Ẹni tó bá gba máàkì 70 sókè ní A, póìntì 5 nìyẹn. Láti 60 dé 69 jẹ́ B, póìntì 4. Láti 50 dé 59 jẹ́ C, póìntì 3. Láti 45 dé 49 jẹ́ D, póìntì 2. Láti 40 dé 44 jẹ́ E, póìntì 1. Ohun tí kò bá tó 40, F ni, òdo sì ni. A ó sọ póìntì di púpọ̀ ní iye yúnìtì, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó wá fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Ohun tó bá jáde láti ọjọ́ tí ènìyàn ti wọlé títí dòní ni wọ́n ń pè ní CGPA. Ẹni tó bá parí pẹ̀lú 4.50 sókè ti gba first class. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 1.00 lópin ọdún, purobéṣọ̀n ni ní ilé ẹ̀kọ́ wa.

Wọ́n kọ iṣẹ́ tí mo ṣe ní sáà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, yúnìtì 20 ni gbogbo rẹ̀. MTH 101 jẹ́ yúnìtì 4, mo gba F. CHM 101 jẹ́ 4, F. BIO 101 jẹ́ 3, F. Wọ́n fi pẹ́ńsù yí i ká. “Yúnìtì mọ́kànlá nínú ogún kò mú nǹkan kan wálé. Ṣé o rí i? O ò fìdí rẹmi nínú gbogbo nǹkan. Ibi mẹ́ta ló ti ń jò.” Póìntì 17 ni mo rí ní sáà náà, ìyẹn fún mi ní 0.85. Mo rí 19 ní sáà kejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36 lórí yúnìtì 40. Bí 0.90 ṣe jáde nìyẹn.

Wọ́n wá yí bébà náà padà sí ẹ̀yìn. “Ní ọdún tó ń bọ̀, má gba ju yúnìtì 16 lọ ní sáà kan. Jẹ́ kó jẹ́ 32 lọ́dún. Àwọn kárí-ófà rẹ, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí o ti gba F, ni kí o kọ́kọ́ fi sí i. F àtijọ́ kò ní kúrò nínú ìṣirò, kí n má tàn ọ́. Ṣùgbọ́n wò ó: bí o bá gba D péré nínú gbogbo rẹ̀, póìntì 64 nìyẹn. 36 àti 64 jẹ́ 100. Fi 72 pín in.” Mo pín in, mo rí 1.39. Wọ́n gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. “O ti bọ́ nìyẹn. Ta ló sọ pé ayé rẹ ti bàjẹ́?”

Omi bọ́ lójú mi níwájú wọn. Mo ti sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí nǹkan tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà tí mo wá rí i lórí bébà, pẹ̀lú àròpọ̀ àti pípín, ó di nǹkan tí ọwọ́ lè kàn. Wọ́n ní kí n máa gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi wá fún wọn lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Wọ́n tún bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti gbọ́ nílé?” Mo ní rárá. Wọ́n ní, “Lọ sọ fún wọn. Ẹrù yìí wúwo jù fún ìwọ nìkan.”

Ọ̀nà kíka yúnìtì àti póìntì yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ló ti wá. Yunifásítì tó wà ní Nsukka, tí wọ́n ṣí ní 1960 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Michigan State University, wà lára àwọn tó tètè mú un lò ní ilẹ̀ wa. Ìlànà London ni Ìbàdàn ń tẹ̀ lé ní tirẹ̀ láti 1948, nígbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì London. Lábẹ́ ìlànà yẹn, ìdánwò ńlá ló ń sọ ibi tí ènìyàn yóò já sí. Èyí tí àwa bá níbẹ̀ ń ka gbogbo ìṣísẹ̀ ènìyàn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dára, nítorí pé ìṣubú ọjọ́ kan kò lè pa ènìyàn. Ó sì le, nítorí pé kì í gbàgbé.

Kí n tó rí ọjọ́ tí mo máa lọ sílé, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 12, ìjọba ológun sì wọ́gi lé e. Ìgboro dàrú, ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì. Fún ẹni tó ní lẹ́tà bíi tèmi nínú àpò, ìyanṣẹ́lódì yẹn di ibi ìsápamọ́sí. Ta ló máa béèrè èsì ìdánwò nígbà tí gbogbo ìlú ń béèrè èsì ìbò?

Mo jókòó ti bàbá mi nídìí òfì fún oṣù mẹ́ta gbáko, mo ń bá wọn hun aṣọ, lẹ́tà náà sì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè lókè àjà. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ní ń kí wọn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Yunifásítì.” Bí wọ́n bá ti kí wọn bẹ́ẹ̀, ńṣe ni inú mi máa ń gbóná bí ẹni pé mo gbé iná mì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni òwú já lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ fà á kúrò kí n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ni bàbá mi bá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n wá ibi tó ti já, wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ so ó, wọ́n tẹ ìso náà pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ láìsọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo dìde, mo lọ mú lẹ́tà náà, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Bàbá mi kò mọ ìwé kà. Èmi fúnra mi ni mo ka ẹ̀bi ara mi sí wọn létí, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá béèrè pé, “Ṣé wọ́n ti lé ọ ni?”

“Rárá, Bàámi. Ọdún kan ni wọ́n fún mi.”

“Ẹni tó fún ọ ní ọdún kan kò lé ọ. Ó ń retí rẹ ni.” Wọ́n fọwọ́ kan òfì. “Bí òwú bá já, a kì í dáná sun òfì. Kí lo nílò?”

Mo ní mo nílò ibi tí mo lè máa sùn tí màá ti rí àyè kàwé. Wọ́n ta aṣọ méjì tí wọ́n hun pamọ́ fún ìsìnkú ara wọn, wọ́n fi owó rẹ̀ gba yàrá fún mi lẹ́yìn ọgbà. Mo mọ aṣọ méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ sányán.

A wọlé padà kí 1993 tó parí. Mo ń jókòó níwájú ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń gbé ìwé mi lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Ìgbà mìíràn, wọn kò ní lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan ń retí mi. Mo kọ́ bí a ṣe ń sọ pé “Kò yé mi.” Ìyanṣẹ́lódì tún dé ní 1994, nítorí náà ó di 1995 kí èsì wa tó jáde. Mo rí póìntì 80 lórí yúnìtì 32. CGPA mi di 1.61. Kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà mi mọ́. Àyè ibẹ̀ funfun báláú.

Wọ́n kọ̀wé pé kí ọ̀rẹ́ mi, ọmọ opó yẹn, máa lọ sílé.

Kò lọ. Kò sọ fún ìyá rẹ̀, kò sì bá olùkọ́ kankan sọ̀rọ̀. Ó ń bá a nìṣó láti máa sùn kiri yàrá àwọn ọ̀rẹ́, ó ń wọ aṣọ kíláàsì láàárọ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ sì ń ti ilé wá. Mo mọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ, mo sì dákẹ́.

Ọjọ́ kan ní 1996, ìyá rẹ̀ dé láìrò tẹ́lẹ̀. Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gbé àpò èlùbọ́ sórí, òógùn ń ṣàn lójú wọn. Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ kú ìwé o. Ọkọ mi dà? Mo fẹ́ bi í nípa ọjọ́ tí ẹ máa jáde, kí n lè mọ aṣọ tí màá rà.” Mo gba èlùbọ́ náà lórí wọn. Mo ní, “Ẹ jókòó mà, màá lọ wá a wá.” Mo lọ, mi ò sì sọ òtítọ́ fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo gbọ́ pé wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nínú ohun tí mo ṣe ní yunifásítì, kò sí F kan tó dùn mí tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ọlọ́run ṣàánú, kò parí síbẹ̀. Ìyá náà dìde, wọ́n forí jin ọmọ wọn, ọmọ náà sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, ó gba ìwé ẹ̀rí NCE. Olùkọ́ ni lónìí, èmi náà sì ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ló ṣòfò, owó èlùbọ́ opó sì bá a lọ. Òfin kan náà ló mú àwa méjèèjì, lẹ́tà kan náà ni wọ́n fún wa. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa kò ju pé èmi rí ènìyàn méjì sọ fún lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà pè mí lóru. Wọ́n ti fi òun náà sí purobéṣọ̀n. Ní ọ̀dọ̀ wọn, 4.00 ni òkè ibẹ̀, 2.00 sì ni ẹnu ààlà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà tún kan owó, nítorí pé ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń tẹ̀ síwájú. Kò gbọ́dọ̀ lo ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye àkókò tí ẹ̀kọ́ náà gbà lọ. Ẹni tó bá já kulẹ̀ lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀, kó sì ní ètò tí yóò tẹ̀ lé. Ìyẹn dára púpọ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ àwa bóyá ara wa le.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní, “Dádì ò mọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́ sà.” Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1974 tó sọ èsì akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì di ti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kì í dédé fi í han òbí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ. Tiwa, orí pátákó ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kí gbogbo ayé rí i. Tiwọn, wọ́n fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ibì kan náà ni àwọn ọmọ tibí àti tọ̀hún ń já sí: wọ́n dá jókòó lóru, wọ́n ń ro bí wọ́n ṣe máa pa irọ́ tó kàn. Mo bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní kó mú bébà àti pẹ́ńsù. A kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, a rí ibi tó ti ń jò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sọ fún bàbá rẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n pa òfin purobéṣọ̀n rẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ dókítà di dókítà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ Físíìsì wá kọ́ ọmọ mi. Ọdún kan tí wọ́n fún mi yẹn, àánú ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọ ní lẹ́tà yẹn láìfún un ní ẹni tí yóò lọ bá. Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ìṣẹ́jú ogún àti bébà kan ló gba olùkọ́ yẹn láti dá mi padà sọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lọ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò èsì yín kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. Bí lẹ́tà bá sì dé, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ sí jù. Mo jáde ní 1998 pẹ̀lú 2.60, two-two. Bàbá mi wọ aṣọ tí wọ́n tún hun, wọ́n jókòó láàárín àwọn òbí yòókù, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n ta sányán wọn. Ká ní mo mọ̀ pé wọ́n máa lù mí tàbí pé wọ́n máa dójú tì mí níwájú ẹbí, lẹ́tà yẹn ì bá ṣì wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ pe ọmọ yín lónìí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí èsì ìdánwò. Ẹ bi í pé, “Kí lo nílò?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.